Ìbọn Tombstone àti Obìnrin Tó Wà Nídìí Ẹ̀

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn wa. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ràn fíìmù kọ́bọ́ì, ẹ ó ti gbọ́ orúkọ Wyatt Earp, ọlọ́pàá ayé àtijọ́ kan nílẹ̀ Amẹ́ríkà, rí. Ìbọn ẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń ròyìn. Lónìí, ẹ jẹ́ ká fi ti obìnrin kún un.

Tombstone, ní Arizona, ọdún 1881. Wọ́n ń wa fàdákà níbẹ̀, ibi tówó bá sì ti ń rọ́ wọlé, olè ò ní jìnnà. Johnny Behan ni ṣẹ́rífù, ìyẹn olórí agbófinró àgbègbè náà. Wyatt náà fẹ́ ipò yẹn. Ó ní Behan ṣèlérí láti fi òun ṣe igbákejì, àmọ́ kò mú un ṣẹ. Ibẹ̀ kọ́ lọ̀rọ̀ parí sí. Josephine Marcus, ọmọ Júù tó ń gbé lọ́dọ̀ Behan, kó kúrò nílé ẹ̀, ọkàn ẹ̀ sì fà sí Wyatt. Ọ̀rọ̀ di iṣu ata yán-an yàn-an! Wyatt alára ní obìnrin nílé, Mattie Blaylock.

Òfin ìlú ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé ìbọn kiri ìgboro. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá, Virgil, ẹ̀gbọ́n Wyatt tó jẹ́ ọ̀gá ọlọ́pàá, lọ gba ìbọn lọ́wọ́ àwọn Clanton àti McLaury, àwọn kọ́bọ́ì tí wọn ò rẹ́ pẹ̀lú àwọn Earp. Wyatt bá a lọ, pẹ̀lú Morgan àbúrò wọn àti Doc Holliday, dókítà eyín tí ikọ́ ẹ̀gbẹ ń bá fínra. Behan sáré pàdé wọn, ó ní kí wọ́n padà. Wọn ò dá a lóhùn.

Bí ìbọn ṣe dún nìyẹn. O.K. Corral, ọgbà ẹṣin tí gbogbo ayé fi ń pe ìjà náà, kọ́ ló ti ṣẹlẹ̀ o. Ẹ̀gbẹ́ ilé ayafọ́tò kan ni, lórí ilẹ̀ tóóró kan, tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ lè nawọ́ kan ara wọn. Láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 30, èèyàn mẹ́ta lára àwọn Clanton àti McLaury ti di òkú. Nínú àwọn Earp mẹ́ta àti Doc, Wyatt nìkan ni ọta ò bà.

Ní oṣù Kẹta 1882, wọ́n yìnbọn pa Morgan níbi tó ti ń ta bílíádì. Wyatt gbẹ̀san, ó sì sá kúrò ní Arizona. Mattie ti wà lọ́dọ̀ àwọn àna ẹ̀ ní California, ó ń retí kó ránṣẹ́ pe òun. Kò pè é. Ọ̀dọ̀ Josephine ni bàbá gbà lọ. Ní 1888, ọtí àti oògùn olópíọ́ọ̀mù pa Mattie. Títí Josephine fi kú, kò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni dárúkọ obìnrin yẹn. Èmi ò lè gbójú fo ìyẹn.

Josephine àti Wyatt wà pọ̀ títí Wyatt fi kú ní 1929. Josephine sin eérú ọkọ ẹ̀ sí itẹ́ àwọn Júù ní Colma, ní California, níbi táwọn ẹbí tiẹ̀ wà. Ní 1957, olè wá jí òkúta orí sàréè ọlọ́pàá náà gbé.