Ogún Amọ̀kòkò, Inú Ọwọ́ Ló Wà

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo kí yín o, ẹ kú ìjókòó.

Ilé wa ní Èbúté-Mẹ́ta ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ìkòkò omi kan wà ní igun pálọ̀ ìyá wa àgbà, wọ́n ri ìdí rẹ̀ mọ́ iyanrìn. Tí iná bá lọ lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn, inú rẹ̀ la ti ń bu omi tútù mu. Ara amọ̀ máa ń làágùn. Bí òógùn náà ṣe ń gbẹ, bẹ́ẹ̀ ló ń gbé ooru omi lọ.

Òkèlele, ní Ìlọrin, ni wọ́n bí ìyá àgbà sí, ládùúgbò tí Ebu Dàda, ibi tí wọ́n ti ń mọ ìkòkò, wà, kí ọkọ tó gbé wọn wá sí Èkó. Níbẹ̀, obìnrin ló ń mọ ìkòkò. Wọ́n á gún amọ̀, wọ́n á tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, wọ́n á dà á bo ìdí ògbólógbòó ìkòkò tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, wọ́n á máa lù ú títí yóò fi gba ìrísí. Tó bá le díẹ̀, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á fi amọ̀ tí wọ́n yí bí okùn mọ ọrùn rẹ̀.

Sísun rẹ̀ gan-an ló le. Ìyá àgbà máa ń gbé ìkòkò sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kí wọ́n tó sun ún. Tó bá ṣì tutù lára, omi kù nínú amọ̀ nìyẹn. Iná á sọ omi náà di ooru, ooru á sì fọ́ ọ. Ọmọdé ni mí nígbà tí a lọ sílé ní ìsinmi, mo sì ti ìkòkò tèmi sáàárín tàwọn àgbà láìjẹ́ kí ó gbẹ. Ó bú gbàmù, ó fọ́ méjì mìíràn mọ́ ọn. Wọn ò nà mí. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, èmi ni wọ́n ń ní kí n gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé gbogbo ìkòkò kí iná tó kàn wọ́n.

Tó bá pọ́n yòò, wọ́n á fi igi gígùn gbé e jáde, wọ́n á wọ́n omi èèpo igbá sí i, igbá tí à ń fi èso rẹ̀ ṣe irú. Á dún ṣììì, á dúdú, ihò tíntìntín ara rẹ̀ á sì dí díẹ̀.

Ẹ yí owó ogún náírà yín sẹ́yìn. Ladi Kwali amọ̀kòkò lẹ rí yẹn, ọmọ ẹ̀yà Gbari. Àǹtí rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́ láti kékeré. Ní 1954, nígbà tó fi dé ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀kòkò tí Michael Cardew, amọ̀kòkò ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, dá sílẹ̀ ní Abuja àtijọ́, Súlèjà òde òní, ọwọ́ rẹ̀ ti mọ amọ̀.

Ní Èkó, à ń ra ìkòkò àgbo, à ń ra èyí tí a fi ń rì ibi ọmọ. Ó dára. Ṣùgbọ́n ó ń dùn mí tí ọmọ amọ̀kòkò bá ń fi ibi tó ti wá pamọ́, tó ń pè é níṣẹ́ òtòṣì. Ẹ rà á, ẹ sì tún rán ọmọ lọ sílé ní ìsinmi, kí amọ̀ kan ọwọ́ rẹ̀.

Ìyá kan bi mí lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mi bóyá ọmọ Èkó lè fara da èéfín ibẹ̀. Mo ní ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ Sùúrùlérè, lọ lọ́dún tó kọjá. Ó gbé ìṣaasùn kan bọ̀, ọrùn rẹ̀ wọ́. Ọbẹ̀ ilá la kọ́kọ́ sè nínú rẹ̀. Kò jò.