Ẹ̀wọ̀n Ọdún 15 Nítorí Igbó: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Lórí Òfin àti Ìdájọ́

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin amòfin, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́. Olóòtú ní kí n má lò ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Ẹni tó bá ní kí lọ́yà sọ̀rọ̀ mọ níwọ̀n, ìjà ló ń wá. (Ẹ̀rín.)

Àwọn tó mọ̀ mí ti mọ orin mi: iye ọdún tí wọ́n kọ sínú ìwé òfin kọ́ ló ń ba ọ̀daràn lẹ́rù. Bó bá dá a lójú pé ọwọ́ yóò tẹ òun, ìgbà yẹn ni ẹ̀rù tó bà á.

Ẹ wo ìtàn wa. Lọ́dún 1966, ìjọba ológun ṣòfin pé ẹni tó bá gbin igbó tí wọ́n ń mu yóò kú, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n ọdún 21. Ṣé àwọn olóko igbó sá kúrò nínú aginjù Oǹdó? Lọ́dún 1975, ìjọba fúnra rẹ̀ yọ ikú kúrò. Nígbà tó di 1984, ikú tún padà dé, ìbọn ni wọ́n fẹ́ fi pa àwọn tó ń ṣòwò kokéènì àti hẹróìnì. Ní oṣù kẹrin ọdún 1985, wọ́n yìnbọn pa ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta ní Èkó. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́njú nígbà náà ò ní gbàgbé. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣẹ̀, kò sí ikú nínú òfin. Ẹ̀yìn ni òfin ti wá bá wọn. Lọ́dún 1986, Babangida sọ ọ́ di ẹ̀wọ̀n gbére. 1989 ni òfin NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró, dé, òun la ṣì ń lò: ẹ̀wọ̀n gbére fún ẹni tó gbìn ín tàbí tó tà á, ẹ̀wọ̀n ọdún 15 sí 25 fún ẹni tí wọ́n kàn bá a lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí ni gbogbo ìyẹn wá so? Ìwádìí tí àjọ oníṣirò ìjọba àpapọ̀ àti UNODC, àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè tó ń rí sí ọ̀ràn oògùn olóró, ṣe fi hàn pé nínú ọdún kan ṣoṣo, mílíọ̀nù 10.6 èèyàn ló mu igbó ní Nàìjíríà. Gbogbo ẹlẹ́wọ̀n orílẹ̀-èdè yìí pátá kò tó 100,000. Ẹ bá mi ṣírò ibi tí a ó kó ìyókù sí.

Síbẹ̀, ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, àwọn sẹ́nétọ̀ wa tún fi ìbò ohùn gbé ikú jáde, bí ẹni pé kò sẹ́ni tó gbìyànjú rẹ̀ rí. Àwọn kan ní ẹni tó bá lòdì sí i, igbó ló ń mu. Kọfí ni mo ń mu o, ìyàwó mi sì ń bá mi jà lórí ìyẹn gan-an. (Ẹ̀rín.)

Ibi tó dùn mí jù rèé. Òfin ACJA ọdún 2015, tó ń darí bí wọ́n ṣe ń ṣẹjọ́ ọ̀daràn, fún adájọ́ láǹfààní láti rán ẹlẹ́bi lọ ṣiṣẹ́ ìlú, kó gbálẹ̀, kó gbá gọ́tà, dípò ẹ̀wọ̀n. Àmọ́ òfin kan náà ní kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀sùn tí ìjìyà rẹ̀ bá ju ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta lọ. Ọmọ ogún ọdún tí igbó ọwọ́ rẹ̀ ò kún àtẹ́lẹwọ́, ọdún 15 ti dínà mọ́ ọn. Adájọ́ tó láàánú á wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọgbọ́n dá. Ẹlòmíràn a gba oṣù mélòó kan, ẹlòmíràn a sanwó ìtanràn, ẹlòmíràn a sì lọ sẹ́wọ̀n tòótọ́. Orí ẹni àti lọ́yà ẹni ló kù.

Mo fẹ́ bọ́ sórí òfin igbó ilẹ̀ Kánádà nígbà tí màmá kan dìde láàárín gbọ̀ngàn.

“Lọ́yà, ẹ má bínú. Ọmọ tèmi ò dé kóòtù. Ojú títì ni wọ́n ti mú un, ojú títì náà ni mo ti sanwó. Ọdún 15 tí ẹ ń wí yẹn ni wọ́n fi ń dẹ́rù bà mí. Nígbà tí mo ní owó yẹn ò sí, wọ́n ní, ‘Màmá, ọdún 15 mà ni o.’”

Gbogbo gbọ̀ngàn hó yèè. Mo pa ìwé mi dé.

Màmá, ẹ ṣeun. Ohun tí ẹ sọ yìí ni pé ọdún 15 ò sí fún adájọ́ rárá. Òun ni wọ́n fi ń dá iye owó lójú títì. Bí òfin bá ṣe ń wúwo sí i ni owó ẹ̀yìn ń gòkè. Àwọn tó fẹ́ ikú ní Abuja, ẹ ronú sí iye tí wọn yóò máa bi ìyá ọmọ nígbà náà! Lọ́dún 2020, Gánà sọ ọ́ di owó ìtanràn fún ẹni tó gbé e fún ìlò ara rẹ̀. Bí ìyá bá mọ iye tí òfin ní kó san, ta ló máa san ìlọ́po mẹ́wàá rẹ̀ fún ẹni tó dúró sí ojú ọ̀nà?

Aago ti lù. Ti igbó ìwòsàn tí olóògbé Akérédolú, gómìnà Oǹdó nígbà náà, tìtorí rẹ̀ lọ sí Thailand lọ́dún 2019, ó di ọjọ́ mìíràn. Thailand fúnra rẹ̀ fàyè gba igbó lọ́dún 2022, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í fa okùn rẹ̀ padà lọ́dún 2025. N kò sọ pé kí wọ́n máa tà á lọ́jà o. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni kí ìjìyà ẹni tí wọ́n bá a lọ́wọ́ rẹ̀ wálẹ̀ sí ọdún mẹ́ta, kí ọ̀nà iṣẹ́ ìlú lè ṣí.

Ọ̀gá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá béèrè pé bó bá di owó ìtanràn, ta ni yóò máa gbà á? Mo ní kóòtù nìkan, pẹ̀lú rìsíìtì. Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín, màmá náà ò rẹ́rìn-ín, olóòtú sì gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ mi.