Béárì Tó Dé Etí Títì Tó Padà: Ìrìn 1,000 Máìlì ní Florida

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ohun tí mo sọ lọ́jọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan, lórí ọ̀nà táwọn ẹranko ń gbà kọjá ní Florida, ni mo kọ síbí, torí àwọn tí ò ráàyè wá ò jẹ́ n sinmi, wọ́n ní kí n ṣáà kọ ọ́.

Orí béárì kan ni mo ti bẹ̀rẹ̀. M34 ni orúkọ táwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fún un. Akọ béárì dúdú ni, kò tíì dàgbà púpọ̀, àárín gbùngbùn Florida ní Amẹ́ríkà ló ń gbé, wọ́n sì ti fi kọ́là GPS sí i lọ́rùn kí wọ́n lè mọ ibi tó ń tọ̀. Nígbà tó di 2010 ó gbéra. Akọ béárì tó bá ti ń bàlágà kì í jókòó sọ́dọ̀ ìyá ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ wá ilẹ̀ tiẹ̀ àti abo tiẹ̀ lọ ni. Láàárín nǹkan bí oṣù méjì ó ti rin bíi 500 máìlì, ó gba inú irà, ó gba inú oko ọsàn, ó gba ilẹ̀ àwọn tó ń sin màlúù, títí tó fi dé títì márosẹ̀ I-4, ìyẹn títì tó ti Tampa gba Orlando kọjá. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dé. Ó dé etí títì, ó yà síbí, ó yà sọ́hùn-ún, ó tún padà wá wò ó, mọ́tò ò dáwọ́ dúró tọ̀sán-tòru, ló bá pẹ̀yìn dà, ó gba ìhà gúúsù padà lọ.

Ẹ fojú inú wò ó, ẹranko tó rin gbogbo ọ̀nà yẹn láìsí ẹni tó fi mápù lé e lọ́wọ́!

Kí ló dé tó fi ṣe pàtàkì kí ẹranko lè kọjá? Àwọn kan máa ń rò pé tí ìjọba bá ti ṣe ọgbà síbí, tó ṣe òmíì sọ́hùn-ún, ó ti tó. Kò tó. Ọgbà tí títì àti ilé yí ká dà bí erékùṣù láàárín òkun, ohun tó wà nínú ẹ̀ ò lè jáde, tìta ò lè wọlé. Ẹ wo páńtà Florida, ẹranko ńlá kan tó jọ abo kìnnìún. Nígbà tí 1990 fi máa bẹ̀rẹ̀, bíi 20 sí 30 ló ṣẹ́ kù ní gúúsù Florida, kò sí ibi tí wọ́n lè gbà jáde, làwọn ìbátan bá bẹ̀rẹ̀ sí í gun ìbátan. Ìrù wọn wá ń ká níparí, àwọn kan ní ihò nínú ọkàn, kóró ẹpọ̀n àwọn akọ míì ò sọ̀ kalẹ̀, kí wá ni wọ́n máa fi bímọ? Ní 1995 wọ́n ní láti kó abo mẹ́jọ wá láti Texas, kí ẹ̀jẹ̀ tuntun lè wọ inú wọn. Ó ṣiṣẹ́ o, wọ́n ti wà láàárín 120 sí 230 báyìí, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò, ohun tó yẹ kí ẹranko fi ẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn lọ ṣe, àwa èèyàn la wá ń fi mọ́tò gbé e ṣe. Mọ́tò yìí náà ló tún ń pa wọ́n jù, ọ̀pọ̀ ọdún ló wà tí mọ́tò nìkan pa ju 20 lọ.

Ó dáa. Joe Guthrie wà lára àwọn tó ń ṣọ́ ìrìn béárì yẹn. Òun àti Carlton Ward tó jẹ́ ayàwòrán, àti Mallory Lykes Dimmitt, wọ́n ní ọ̀nà tí ẹranko lè rìn, àwọn náà á rìn ín. Elam Stoltzfus tẹ̀ lé wọn láti ya fídíò. January 2012 ni wọ́n gbéra ní Everglades, irà ńlá kan ní gúúsù Florida pátápátá, ó di April kí wọ́n tó dé irà Okefenokee ní Georgia. 1,000 máìlì ní 100 ọjọ́! Wọ́n fẹsẹ̀ rìn, wọ́n wa ọkọ̀ ojú omi kékeré, wọ́n gun kẹ̀kẹ́, wọ́n gun ẹṣin.

Ẹnì kan dìde lọ́jọ́ yẹn, ó bi mí pé ṣebí mápù ọ̀nà àwọn ẹranko yìí wà, kí ni wọ́n ń fi ara wọn ṣe nínú irà. Ìbéèrè yẹn dùn mọ́ mi nínú gan-an, torí òótọ́ ni, mápù wà. Tom Hoctor àtàwọn èèyàn ẹ̀ ní Yunifásítì Florida ti ń yà á láti àwọn ọdún 1990. Ṣùgbọ́n mápù kì í sùn sínú oko ẹnikẹ́ni, kì í bá darandaran jókòó. Àwọn yìí sùn síbẹ̀, wọ́n bá wọn sọ̀rọ̀. Ohun tó sì yẹ ká mọ̀ nìyí, pé ọ̀pọ̀ lára ilẹ̀ tó so àwọn ọgbà yẹn pọ̀, ti àwọn tó ń sin màlúù ni, kì í ṣe tìjọba. Tí wọ́n bá tà á fún àwọn tó ń kọ́ ilé, ó tán nìyẹn, ọ̀nà ti dí. Àwọn ẹbí yẹn kì í ṣe ọ̀tá béárì o, owó orí ilẹ̀ àti owó tí wọ́n ń fi lọ̀ wọ́n ló ń fa ọwọ́ wọn, mi ò sì lè bá wọn wí. Ètò kan wà tó jẹ́ pé ìjọba máa sanwó fún onílẹ̀, onílẹ̀ á fọwọ́ sí ìwé pé wọn ò ní kọ́ ilé síbẹ̀ títí ayé, ilẹ̀ ṣì jẹ́ tiẹ̀, màlúù ẹ̀ ṣì ń jẹ̀, ọmọ ẹ̀ á jogún ẹ̀, béárì náà á máa rí ibi kọjá. Lójú tèmi, ètò yìí lọ́gbọ́n nínú ju kéèyàn lé àgbẹ̀ kúrò lórí ilẹ̀ ẹ̀ lọ.

Ní 2021, àwọn aṣòfin Florida gbé òfin kan kalẹ̀ lórí ọ̀nà àwọn ẹranko yìí, kò sẹ́ni tó dìbò lòdì sí i, àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú méjèèjì fọwọ́ sí i. Ilẹ̀ tó tó mílíọ̀nù 18 éékà ló kàn, nǹkan bíi mílíọ̀nù 10 ti wà lábẹ́ ààbò tẹ́lẹ̀, ìyókù ló wà lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀ báyìí, ojoojúmọ́ làwọn tó fẹ́ kọ́ ilé sì ń kan ilẹ̀kùn wọn.

I-4 náà ti ní ibi táwọn ẹranko lè gbà lábẹ́ ẹ̀ ní apá Polk County. Èmi ṣáà ń ronú kan M34 yẹn, bó ṣe dúró sétí títì lóru, tó ń wo iná mọ́tò.