Ta Ló Gbin Ìrókò? Bí Oko Kòkó àti Igbó Ṣe Lè Jọ Gbé Lórí Ilẹ̀ Kan ní Ifẹ̀

[Àwòrán: ojú ọ̀run ní ìrọ̀lẹ́, lókè ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀]

Ẹ gbójú sókè. Ilẹ̀ ò tíì ṣú tán. Ohun dúdú tó ń rọ́ jáde lórí àwọn igi yẹn, tó bo ojú ọ̀run bí èéfín, àdán ni. Ẹni tó bá ti gbé Ifẹ̀ rí, pàápàá tó bá kàwé ní yunifásítì yìí, mọ̀ wọ́n dáadáa. Ó mọ ariwo wọn lọ́sàn-án, ó mọ òórùn abẹ́ igi wọn, ó sì ṣeé ṣe kí ìgbẹ́ wọn ti já lé e lórí rí.

Ìgbẹ́ yẹn ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ òní.

Èso ni irú àdán yìí ń jẹ. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, wọ́n á fò lọ síbi tí èso gbé pọ́n, wọ́n á jẹ ẹ́ yó, wọ́n á sì máa yàgbẹ́ bí wọ́n ṣe ń fò kiri. Èso ìrókò wà lára ohun tí wọ́n fẹ́ràn jù. Kóró inú rẹ̀ kéré gan-an, ikùn àdán ò lè lọ̀ ọ́, odindi ló ń jáde. Àwọn olùṣèwádìí kan ní Ghana so ẹ̀rọ kékeré mọ́ irú àdán yìí lára, wọ́n sì ṣírò rẹ̀ pé ó lè gbé kóró èso dé nǹkan bíi kìlómítà 75 kó tó sọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ifẹ̀, ẹ wo bí ìyẹn ti jìnnà tó: ó kọjá Iléṣà, ó kọjá Òṣogbo, tó bá sì gba òkè lọ tààrà, ó dé Ìbàdàn.

Nítorí náà, tí mo bá bi yín pé ta ló gbin ìrókò, ẹ ti mọ̀ ọ́n.

Ènìyàn náà gbìyànjú o. Wọ́n ti gbìn ín ní ẹsẹẹsẹ bí ẹni gbin àgbàdo, òun nìkan lórí ilẹ̀. Kòkòrò tíńtín kan ló máa ń bà á jẹ́: yóò kó sí ewé àti ọ̀mùnú rẹ̀, ibẹ̀ á wú bí eéwo, á jẹrà, igi kékeré náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú láti orí wá. Nínú igbó tí onírúurú igi ti dàpọ̀, ó ṣòro fún kòkòrò yẹn láti tètè rí i. Ìrókò fẹ́ kí igi mìíràn yí òun ká. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a óò padà dé ibẹ̀.

[Àwòrán: ọ̀nà inú oko, ewé kòkó nílẹ̀]

Oko tí mo mú yín wá yìí wà ní apá gúúsù Ifẹ̀, lójú ọ̀nà Oǹdó. Bàbá bàbá mi ló kọ́kọ́ dá a. Nígbà tí wọ́n ń ṣán an, wọn ò gé gbogbo igi. Wọ́n dá arère sí, wọ́n dá ìrókò sí, wọ́n dá ahùn àti ayùnrẹ́ sí, wọ́n wá gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kòkó sábẹ́ wọn. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Kòkó fúnra rẹ̀, ọmọ abẹ́ igbó ni. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti gúúsù ló ti ṣẹ̀ wá, abẹ́ igi ńláńlá ló sì ń gbé níbẹ̀ kí wọ́n tó gbé e dé ọ̀dọ̀ wa.

Lẹ́yìn wọn ni ọ̀rọ̀ yí padà. Onípákó wá, ó ra ìrókò. Ẹnì kan ní ìbòji ti pọ̀ jù, wọ́n gé arère. Oògùn apakoríko dé, abẹ́ kòkó wá mọ́ tónítóní bí àgbàlá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo rò pé bó ṣe yẹ kí oko rí nìyẹn. A máa ń fi yangàn fún àlejò.

Ẹ sún mọ́ ibí, ẹ wo òdòdó kòkó yìí. Kò ju èékánná ọmọdé lọ, ara igi gan-an ló sì ti yọ. Oyin tóbi ju ẹni tó lè ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Kantíkantí ni alárinà rẹ̀. Kantíkantí ló ń gbé ìyẹ̀fun òdòdó láti orí ọ̀kan lọ sórí èkejì kó tó lè di ọmọ. Nínú òdòdó 100, kì í sábà ju 5 lọ tó ń so, torí náà a ò ní àǹfààní kantíkantí kan láti fi ṣòfò. Ibo wá ni kantíkantí ń yé sí? Inú ewé tó ń jẹrà ni. Inú ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rọ̀, inú èèpo kòkó tí a fọ́ sílẹ̀. Ohun tí à ń gbá dànù ni ilé rẹ̀. Ọjọ́ tí mo gbọ́ èyí, inú mi bàjẹ́ púpọ̀, torí mo rántí iye ọdún tí a fi ń sanwó fún lébìrà pé kó wá lé alárinà kòkó wa jáde lóko.

(Èèpo kòkó tí àrùn dúdú ti mú kọ́ ni mò ń wí o. Ìyẹn, ẹ kó o kúrò, ẹ sin ín.)

Kantíkantí nìkan kọ́. Ní erékùṣù Sulawesi, ní orílẹ̀-èdè Indonéṣíà, àwọn olùṣèwádìí fi àwọ̀n bo igi kòkó kí ẹyẹ àti àdán má baà lè débẹ̀. Ìkórè orí igi wọ̀nyẹn fi ìdá 31 nínú 100 dín sí ti igi tí wọn ò bò. Kòkòrò ló jẹ ẹ́, torí àwọn tí ì bá jẹ kòkòrò ò ráyè wọlé. Ní 2013 ni wọ́n gbé àbájáde iṣẹ́ náà jáde, mo sì máa ń rántí rẹ̀ nígbàkigbà tí mo bá gbúròó ìbọn ẹni tó ń yìn fún ẹyẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko.

[Àwòrán: etí odò, igbó tó ti ń dí]

Wàyí o, ohun tí a ń ṣe. A dá apá kan ilẹ̀ padà fún igbó, a sì ń ro apá yòókù. Etí odò la ti bẹ̀rẹ̀: ogún ìṣísẹ̀ lápá ọ̀tún, ogún lápá òsì, àdá ò gbọdọ̀ débẹ̀, iná ò gbọdọ̀ débẹ̀, oògùn ò gbọdọ̀ débẹ̀. Lẹ́yìn náà la fi igun kan tí ilẹ̀ rẹ̀ ti ṣá kún un, níbi tí ẹ̀gẹ́ kì í ta dáadáa mọ́. Nínú oko kòkó gan-an, a ń dá igi tó bá hù fúnra rẹ̀ sí, a kàn ń kà á kí ó má baà pọ̀ jù. Ìmọ̀ràn tí wọ́n ń fún àgbẹ̀ kòkó ní Ghana ni igi ńlá 15 sí 18 lórí hẹ́kítà kan. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, abẹ́ igi á máa tutù jù, àrùn dúdú á sì ráyè.

Ẹ máa bi mí pé èló la fi ra igi. A ò ra nǹkan kan. Ẹ wo kùkùté yìí. Ọdún mélòó ni a ti gé e, gbòǹgbò rẹ̀ ṣì wà láàyè. Lọ́dọọdún ló ń rú, lọ́dọọdún la sì ń bẹ́ ẹ. Ohun kan náà ni ọkùnrin ará Australia kan, Tony Rinaudo, rí ní agbègbè Maradi ní ilẹ̀ Niger ní 1983. Ó ti ń gbin igi, igi ń kú, àfìgbà tó wolẹ̀ tó rí i pé ohun tí òun ń pè ní koríko inú oko àwọn èèyàn, kùkùté tó ń rú ni. Àwọn àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yan ọ̀mùnú díẹ̀ lórí kùkùté kọ̀ọ̀kan, wọ́n gé yòókù, wọ́n sì ń gbin jéró àti ọkà bàbà wọn lọ láàárín rẹ̀. Ilẹ̀ tó tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 5 hẹ́kítà ni igi padà sí ní Niger lọ́nà yìí. Bí aṣálẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ilẹ̀ mì bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, kí ni Ifẹ̀ tí òjò ń rọ̀ sí kò ní lè ṣe?

Igi tí kò ní kùkùté ńkọ́? Àdán, ẹyẹ àti ọ̀kẹ́rẹ́ ló ń gbé kóró tiwọn wá. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ ríbi tí wọ́n á ti gbé e. Ìdí nìyí tí igbó òrìṣà àti àwọn igi àgbà inú ọgbà yunifásítì fi ṣe pàtàkì sí mi ju bí àwọn mìíràn ṣe rò lọ. Àká kóró ni wọ́n. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ogún àgbáyé ní 2005, kò ju hẹ́kítà 75 lọ, ṣùgbọ́n torí pé àdá kì í wọ ibẹ̀, igi tí ẹ ò lè rí mọ́ ní oko yín ṣì ń so níbẹ̀.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilẹ̀ kan wà tó ń jẹ́ Knepp, éékà 3,500. Oko ni tẹ́lẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ amọ̀ líle, ó sì ń jẹ gbèsè. Lẹ́yìn 2001 ni wọ́n tú màlúù oníwo gígùn, ẹlẹ́dẹ̀ àti ẹṣin kéékèèké sínú rẹ̀ pé kí wọ́n máa jẹ̀ kiri bí ẹran ìgbẹ́, wọ́n sì ń ta ẹran lára wọn. Àdàbà tó ti ń pòórá ní gbogbo ìlú náà ń pọ̀ sí i níbẹ̀. Ẹyẹ àkọ̀ funfun tí wọ́n kó padà wá pamọ níbẹ̀ ní 2020, irú rẹ̀ àkọ́kọ́ nínú igbó ilẹ̀ náà láti ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé oúnjẹ ń jáde lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà wọn ò lè jẹ́ ọ̀nà wa, torí ilẹ̀ tiwa ò sí lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo.

Ibí yìí lọ̀rọ̀ ti le jù ní Ifẹ̀, ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ro kòkó ní àgbègbè yìí, ìṣákọ́lẹ̀ ni wọ́n ń san. Tí ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ bá gbin igi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, onílẹ̀ lè wò ó pé ó fẹ́ fi gba ilẹ̀ mọ́ òun lọ́wọ́. Tó bá fi igbó sílẹ̀ láìro, wọ́n á ní kò lò ó, kó jẹ́ kí ẹlòmíràn lò ó. Tí ìrókò bá sì dàgbà nínú kòkó rẹ̀, onílẹ̀ ló máa gbowó lọ́wọ́ onípákó, igi á wó lu kòkó ẹni tó ń ro ó, kò sì ní rí kọ́bọ̀. Ta ni yóò wá dá ọmọ ìrókò sí? Èmi ò lè bá ẹni tó fi àdá gé e wí.

Ìdílé wa ló nilẹ̀ yìí, ìdílé mìíràn ló sì ń bá wa ro èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ láti ìgbà ayé àwọn bàbá wa. A jókòó. Kò rọrùn, ó gbà wá ní ìpàdé bíi mẹ́rin, àwọn ẹ̀gbọ́n mi kan sì bínú dìde. Ohun tí a kọ sílẹ̀ níṣojú ẹlẹ́rìí ni pé a ò ní gba ìṣákọ́lẹ̀ lórí apá tó padà di igbó, a ò ní gé igi ńlá kankan láìjẹ́ pé ìdílé méjèèjì fọwọ́ sí i, tí a bá sì gé e, owó rẹ̀ di ìdajì-ìdajì. Láti ìgbà yẹn ni ọmọ igi ti bẹ̀rẹ̀ sí í yè lóko wa. Nínú gbogbo ohun tí mo ti sọ, ìwé pélébé yẹn ni mo gbà pé ó ṣiṣẹ́ jù.

Ọjà náà ti ń béèrè rẹ̀. Òfin tí Ìparapọ̀ Ilẹ̀ Yúróòpù ṣe ní 2023 sọ pé kòkó tó bá wá láti orí ilẹ̀ tí wọ́n pa igbó rẹ̀ lẹ́yìn December 31, 2020 kò gbọdọ̀ wọ ọjà wọn. Wọ́n ti sún ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ síwájú, àmọ́ ẹni tó ń tà fún wọn ti ń múra.

Ìgbín ló kọ́kọ́ padà sí etí odò wa. Lẹ́yìn rẹ̀ la bẹ̀rẹ̀ sí í rí ipa ẹsẹ̀ ẹtu nínú ẹrẹ̀, a sì bẹ àwọn ọdẹ pé kí wọ́n bá wa fojú fò ó. Ọ̀kẹ́rẹ́ náà padà, ó sì ń lu kòkó wa jẹ. Mi ò ní purọ́ fún yín, ó ń dùn wá. Àdánù rẹ̀ wà, a sì ń gbà á mọ́ra. Ẹ jọ̀ọ́, nípa àdán, ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé jẹ èso tí wọ́n ti gé sílẹ̀, torí wọ́n lè gbé àrùn. Ẹ kàn fi wọ́n sílẹ̀ lórí igi wọn.

[Àwòrán: ọmọ igi kékeré kan, màrìwò tí wọ́n so mọ́ ọ̀pá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀]

Àwọn àgbà ní kékeré la ti ń pẹ̀kan ìrókò, torí tó bá dàgbà tán, apá ò ní ká a mọ́. Ọmọ títọ́ ni wọ́n fi ń kọ́ wa. Àdá lébìrà ò mọ̀ bẹ́ẹ̀, gbogbo ohun tútù tó bá bá lábẹ́ kòkó ló ń pẹ̀kan.

Èyí tí ẹ ń wò yìí, ìrókò ni, kò tíì dé orúnkún mi. Kò sẹ́ni tó gbìn ín. Ìgbà tí a ń ṣa kòkó la rí i, ìyá kan nínú ìdílé kejì ló sì ní ká so màrìwò tì í, torí kò sẹ́ni tó máa rí màrìwò tí àdá rẹ̀ ò ní dúró. A ti so mẹ́sàn-án báyìí. Lọ́la, kí oòrùn tó mú, a máa wọ ẹ̀yìn odò lọ wá òmíràn.