Ọjọ́ 60 Yín Kò Tíì Bẹ̀rẹ̀: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí Ìwé Àṣẹ Ilé Ẹ̀yìnkùlé ní California

Ẹ káalẹ́ o. Ìṣẹ́jú 40 ni wọ́n fún mi. Alága ti ń wo aago kí n tó lanu rárá, torí wọ́n mọ̀ mí.

Ohun tí òfin California ń pè ní ADU, bọ́ìsì-kọ́tà ni. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ dẹ́rù bà yín. Ilé kékeré ni, lórí ilẹ̀ tí ilé ńlá wà, tó ní ibi ìdáná, balùwẹ̀ àti ilẹ̀kùn tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo gbé wá: òfin kọ́ ló ń dá yín dúró mọ́, fáìlì yín ni. Àwọn kan wà tí wọ́n ń sọ kiri pé àfi kéèyàn mọ ẹnìkan ní káńsù. Láyé àtijọ́, mi ò ní bá wọn jiyàn. Láti 1982 ni òfin ilé kejì ti wà ní ìpínlẹ̀ yẹn, àmọ́ ìlú lè pe àwọn aládùúgbò sípàdé lórí ọ̀rọ̀ yín. Ẹnìkan á dìde, á ní òun ò fẹ́ kí fèrèsé yín máa wo ọgbà òun. Ó parí nìyẹn. Òfin 2002 gba ìpàdé yẹn lọ́wọ́ wọn. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n ní ilẹ̀ yín kéré, wọ́n ní ẹ wá àyè mọ́tò sí i, wọ́n bu owó gọbọi lé e. Àwọn òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2017 àti 2020 ló ṣẹ́ wọn lápá.

Ní báyìí, akọ̀wé tó gba fáìlì yín ò láṣẹ láti rò ó bóyá ilé yín wu òun. Á wo ìwé, á wo òfin, á máàkì. Ọjọ́ 60 ló ní; 120 ni tẹ́lẹ̀. Bí ọjọ́ bá pé tí wọn ò fọhùn, òfin kà á sí pé wọ́n ti gbà. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ gbogbo àléébù rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n sì sọ bẹ́ ẹ ṣe máa tún un ṣe.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí fáìlì bá pé ni kíkà ń bẹ̀rẹ̀! Bàbá kan sọ fún mi pé òun ti dúró fún oṣù mẹ́ta. Mo gba pùláànù rẹ̀ wò: ọ̀nà omi ẹ̀gbin ò sí níbẹ̀. Ojú ọ̀nà tí omi máa gbà, bàbá ò yà á! Oṣù mẹ́ta yẹn, ọjọ́ òdo ni lójú òfin.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ owó: ilé tí ò bá tó ẹsẹ̀ bàtà 750 níbùú-lóròó, wọn ò gbọdọ̀ gba owó tí ìlú máa ń bù lé ilé tuntun fún ọ̀nà àti ọgbà ìgbafẹ́ lórí rẹ̀. Mo tún fẹ́ sọ ti àyè ẹsẹ̀ bàtà 4 láàárín ilé yín àti ààlà ilẹ̀ aládùúgbò, àti ti gáréèjì (gáréèjì mọ́tò inú ilé o, kì í ṣe ti awakọ̀ èrò). Ibẹ̀ ni màmá kan ti nawọ́.

“Ọ̀gá, àwọn ọmọ mi ti ń gbé inú gáréèjì wa láti 2016. A ò gbàwé kankan. Tí mo bá lọ bá wọn, ṣé kì í ṣe pé mo fọwọ́ ara mi fa wolé-wolé wálé?”

Gbogbo gbọ̀ngàn dákẹ́. Mo mọ̀ pé kì í ṣe màmá nìkan. Mo ká ìwé mi.

Láti oṣù kìn-ín-ní 2025, bọ́ìsì-kọ́tà tí wọ́n ti kọ́ ṣáájú 2020, ìlú ò lè torí pé kò bá òfin ìkọ́lé mu nìkan fi ìwé dù yín, àfi bó bá léwu fún ìlera tàbí ẹ̀mí. Wọn ò sì gbọdọ̀ fìyà jẹ yín torí pé ẹ ò gbàwé tẹ́lẹ̀. Kẹ́ ẹ tó lọ rárá, ẹ lè pe kọngílá tó ní láísẹ́ńsì kó wá yẹ̀ ẹ́ wò ní bòńkẹ́lẹ́. Ẹ wá fọ́tò àtijọ́ àti ìwé iná mànàmáná jọ, kó jẹ́ ẹ̀rí pé ilé ti wà ṣáájú 2020.

Alága ti dìde. Ẹgbẹ́ onílé ò lè ní kẹ́ ẹ má kọ́ ọ. Ẹ̀yin ará etíkun, ìwé tiyín tún lé ọ̀kan.

Mo wá bi màmá: “Fèrèsé yàrá àwọn ọmọ, ṣé èèyàn lè gbà á jáde bí iná bá sọ?”

Ó ní àwọn fi irin dí i, torí olè.

Mo ní, “Màmá, ẹ yọ irin yẹn lálẹ́ òní. Ẹ jẹ́ kí pùláànù dọ̀la.”