Irin Tó Ń Ka Ṣúgà Láìsí Ẹ́ńsáìmù

Ẹ wo sitiríìpù yìí. Orí rẹ̀ ni ẹni tó ní àtọ̀gbẹ ń kán ẹ̀jẹ̀ sí, kó lè mọ iye ṣúgà tó wà lára rẹ̀. Ẹ́ńsáìmù, ìyẹn èròjà ara ohun alààyè tó ń mú kí nǹkan yára yí padà, ni wọ́n fi sójú rẹ̀, òun ló sì ń dá ṣúgà mọ̀. Leland Clark àti Champ Lyons ló dá ọgbọ́n yìí lábàá ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1962. Ṣùgbọ́n ẹlẹgẹ́ ni ẹ́ńsáìmù. Ooru àti ọ̀rinrin ń bà á jẹ́, ẹ̀rù sì máa ń bà mí bí mo bá rí páálí sitiríìpù nínú oòrùn.

Ṣé irin nìkan ò lè ṣiṣẹ́ náà? Ó lè ṣe é. Platinum, irin olówó iyebíye kan, máa ń gba ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, ìyẹn ègé kékeré tó ń gbé iná, lọ́wọ́ ṣúgà fúnra rẹ̀, iná á sì ṣàn. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ṣúgà ń lọ́ra, nígbà tí fítámì C àti parasitamọ́ọ̀ tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ń yára fún irin ní tiwọn. Ẹ̀rọ á wá ka tiwọn mọ́ ti ṣúgà.

Ibi tí ọgbọ́n wà gan-an rèé. Wọ́n lè yọ́ wúrà pọ̀ mọ́ fàdákà, kí wọ́n rì í sínú àsìdì nítíríìkì. Àsìdì á jẹ fàdákà tán, wúrà á kù bíi kànrìnkàn, tí fífẹ̀ ihò rẹ̀ jẹ́ ìwọ̀nba nánómítà mélòó kan. Mílíọ̀nù kan nánómítà ló wà nínú mílímítà kan ṣoṣo! Fítámì C yára débi pé ẹnu ihò ló ti ń parí. Ihò inú ò fi nǹkan kan kún tirẹ̀. Ṣúgà tí kò yára ló ń ráyè wọlé, gbogbo ògiri inú ihò ló sì ń gba ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, iná ti ṣúgà ló ń pọ̀ sí i. Lọ́dún 2003, àwọn onímọ̀ ní South Korea fi platinum oníhò hàn pé bẹ́ẹ̀ ló rí.

Níkẹ́ẹ̀lì àti bàbà ò wọ́n tó wúrà, wọ́n sì ń ka ṣúgà dáadáa, àmọ́ inú omi tí wọ́n po sódà kọ́sítíìkì sí ni. Ẹ̀jẹ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ náà tún máa ń lẹ̀ mọ́ ojú platinum àti wúrà, kò ní jẹ́ kí wọ́n ṣiṣẹ́ dáadáa. Ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé inú omi èso àti ohun mímu ni irin wọ̀nyí á ti kọ́kọ́ wúlò fún wa, nítorí a lè bu díẹ̀ sọ́tọ̀, ká po sódà sí i, ká sì wọn ṣúgà rẹ̀ láìpa ẹnikẹ́ni lára.