Àpò Sìmẹ́ńtì Tó Di Òkúta

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwùjọ kan sọ ní Yaba nìyí. Mo ti yọ ibi tí iná ti lọ tí a ń wá ẹni tó máa tan jẹnẹrétọ̀ kúrò.

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Wọ́n ní kí n wá sọ ohun tó ń mú kí ìlú tí ọrọ̀ kún inú ilẹ̀ rẹ̀ máa jó àjórẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé wa ní Olódì Àpápá.

Òkúta kan wà níbẹ̀ tí a máa ń tẹ̀ kí a tó wọlé. Ó rí bí ìrọ̀rí. Bí ẹ bá fọwọ́ pa á lára, ẹ ó mọ ibi tí bébà ti ká, ẹ ó sì bá ipa òwú tí wọ́n fi rán ẹnu rẹ̀. Àpò sìmẹ́ńtì ni. Bàbá mi, tó jẹ́ tálì kíláàkì, akọ̀wé tó ń ka ẹrù ọkọ̀ òkun, ní wáàfù, ló gbé e wálé ní 1975. Ó ti gan, wọ́n fẹ́ dà á nù ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́n nígbà náà ò ní gbàgbé. Láàárín ìparí 1973 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1974, àgbá epo rọ̀bì kan kúrò ní nǹkan bíi dọ́là 3, ó di nǹkan bíi dọ́là 12. Owó ya wọ ìlú bí àgbàrá. Ìjọba ológun fẹ́ kọ́ báráàkì, wọ́n fẹ́ la títì, wọ́n bá ránṣẹ́ ra sìmẹ́ńtì bíi mílíọ̀nù 20 tọ́ọ̀nù. Èyí tí èbúté Èkó lè sọ̀ láàárín ọdún kan kò ju bíi mílíọ̀nù kan lọ. Ẹ ṣírò ẹ̀ wò. Ọkọ̀ òkun tó ń dúró lé ní 400, sìmẹ́ńtì ló sì wà nínú èyí tó ju ìdajì wọn lọ. Bàbá mi ní tí èèyàn bá dúró ní Bar Beach lálẹ́, iná wọn á dà bí ìlú míì tó tẹ̀dó sórí omi. Bí wọ́n ṣe ń dúró ni dẹ́múréèjì, owó ìdúró ọkọ̀, ń gorí dẹ́múréèjì. Àwọn ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé ọkọ̀ tó ti gbó ni wọ́n fi ránṣẹ́, torí owó ìdúró yẹn gan-an ni wọ́n bá wá. Ọ̀rinrin òkun sì ń wọ inú àpò.

Síbẹ̀, Ewékorò ló ń dùn mí jù. Láti 1960 ni wọ́n ti ń ṣe sìmẹ́ńtì níbẹ̀, lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta, èyí tó jẹ́ pé mọ́tò lè lọ kó bọ̀ lóòjọ́. Òkúta tí wọ́n fi ń ṣe é wà nílẹ̀ rẹpẹtẹ. Nígbà tí owó dé, kò sẹ́ni tó sọ Ewékorò kan di mẹ́wàá. A lọ sí òkè òkun lọ rajà.

Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé fi orúkọ ilẹ̀ Holland pe àìsàn yìí, "Dutch disease". Wọ́n rí gáàsì ní Groningen níbẹ̀ ní 1959, nígbà tó sì máa di 1977, ìwé ìròyìn The Economist ti sọ àìsàn náà lórúkọ. Bó ṣe ń ṣe nìyí: owó òkèèrè wọlé, owó ìlú ẹni le sí i, ọjà òkèèrè di pọ́ọ́kú, ẹni tó ń ta nǹkan sókèèrè á wá máa gba kékeré. A fẹ́ràn ká máa yangàn pé náírà kan ju dọ́là kan lọ láyé ìgbà yẹn. Ẹ bi àgbẹ̀ kòkó léèrè. Owó òkèèrè ni wọ́n fi ń ra kòkó lágbàáyé; bí náírà ṣe ń le, bẹ́ẹ̀ ni iye tó ń bọ́ sí i lọ́wọ́ ń rù. Ọmọ rẹ̀ gbọ́ pé owó Údójì, ẹ̀kúnwó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, ti jáde l'Ékòó, ó wọ mọ́tò. Kòkó kì í ṣe àlejò nílẹ̀ wa níbí o. Nǹkan bí 1880 ni J.P.L. Davies, oníṣòwò ará Èkó, ti ń gbìn ín lápá Agége, kí ẹnikẹ́ni tó mọ Agége mọ́ búrẹ́dì.

Ọ̀nà kejì tí owó epo ń gbà pa ìlú, owó orí ni. Ní 1968 sí 1969, àwọn àgbẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ní àwọn ò san owó orí tí ìjọba bù lé wọn. Àgbẹ̀kọ̀yà nìyẹn, Tafa Adéoyè ló ṣáájú wọn. Ẹ̀jẹ̀ ṣàn, ṣùgbọ́n ìjọba dín owó náà kù, torí ọwọ́ àgbẹ̀ ni owó wà. Epo kò nílò irú àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kànga díẹ̀, òṣìṣẹ́ díẹ̀, ìwé àdéhùn díẹ̀, owó ti wọ àpò ìjọba. Ìjọba tí kò nílò ọwọ́ rẹ kò ní gbọ́ ohùn rẹ.

Ẹ wo Nauru náà, erékùṣù tí gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 21 níbùú lóòró. Wọ́n gba òmìnira ní 1968, wọ́n ń wa fọ́sífétì, òkúta tí wọ́n fi ń ṣe ajílẹ̀, tà, wọ́n ra bàálù tiwọn. Wọn kì í gba owó orí lórí owó oṣù. Àárín ilẹ̀ wọn ni wọ́n wà dànù, ó ku ihò òkúta. Ọdún 2014 ni wọ́n tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó orí yẹn.

Àgbà ní ohun tí a kò bá jìyà fún kì í tọ́jọ́. Ẹ forí jì mí, n ò gbà á tán. Nọ́wè kò jìyà fún epo tó rí ní 1969. Kí epo tó dé, àwọn ará ibẹ̀ ti ń sanwó orí, wọ́n sì ti ń bi ìjọba wọn ní ìbéèrè. Wọ́n ṣòfin àpò ìfowópamọ́ epo ní 1990. Ní Botswana, orí ilẹ̀ àwọn èèyàn Seretse Khama, ààrẹ wọn àkọ́kọ́, fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti rí dáyámọ́ńdì Orapa ní 1967, síbẹ̀ wọ́n gbà pé ti gbogbo orílẹ̀-èdè ni.

Ìyá kan tó jókòó lẹ́yìn ló kọ́kọ́ béèrè ọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, òkúta yẹn dà?"

Ó wà níbẹ̀, mà. Nígbà tí a ń tún ẹnu ọ̀nà ṣe, bíríkìlà ní kí òun fọ́ ọ. Mo ní kó fi sílẹ̀, kó kàn rẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nígbà tó ya àpò sìmẹ́ńtì tuntun, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ka ara rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Ògùn ni wọ́n ti ṣe é.